Ẹ̀fin Funfun àti Ìwé Tí N Kò Fọwọ́ Sí

Mú ìgò mínírà méjì tó ṣófo. Di ọ̀kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, di èkejì mú lọ́wọ́ òsì, kí o wá fi ìhà wọn ra ara wọn. Bí wọ́n bá yọ̀ kọjá lára ara wọn láìpariwo, ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ń ha ara wọn, tí ohùn wọn ń ta ọ́ létí bí ìgbà tí èèyàn bá fi èékánná ya pátákó ìkọ̀wé, ẹni náà sùn lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo lò ní ilé-iṣẹ́ ìgò kan ní Ìkòròdú, mẹ́rin péré ni n kò fi jẹ́ ẹni náà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo wà ní ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, tí ẹ ò mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ni mo sì ń kọ èyí sí.

N kò kọ ọ́ láti fi yangàn. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀rù ti máa ń bà mí láti kékeré. Bí ẹnì kan bá pè mí ní orúkọ láti ẹ̀yìn, àyà mi á já kí n tó yíjú, màá ti máa ro ohun tí mo ṣe. Mo ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n ní kí n ṣe níbi iṣẹ́ yẹn tí mo kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já náà lè kọ̀.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Mo ka kẹ́mísírì ní pólì, mo jáde, mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́sàn-án. Ẹnì kan sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ nípa kẹ́míkà, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, ó tó san yàrá kan ní Itamaga, ó tán síbẹ̀. Màmá mi, tí ó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí.

"Ìgò?" ni ó ní. "Rìsí, gbogbo ìwé tí o kà yẹn, ìgò ni wọ́n ní kí o wá máa ṣọ́?"

"Màámi, wọn ò ní kí n ṣọ́ ọ. Wọ́n ní kí n máa fi awọ bò ó ni."

"Ìgò ló wá fẹ́ ní awọ." Ó yíjú padà sí ẹja rẹ̀. "Ó dáa. Ṣáà má jẹ́ kí ó bó tìẹ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé awọ náà, torí òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ilé-iṣẹ́ wa, iyanrìn ni wọ́n ń yọ́ nínú iléru títí yóò fi máa ṣàn bí oyin. Ẹ̀rọ á gé e, á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, ìgò á sì jáde, pupa bí ẹyin iná, wọ́n á tò lórí bẹ́líìtì bí ọmọ iléèwé. Ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀ lágbára, àmọ́ bí ó bá ti fara gbá ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á ha. Ibi tó ha yẹn ni yóò ti fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rọ mínírà sínú rẹ̀, bóyá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mu ún. Nítorí náà, kí ó tó tutù, a ó mú un gba inú àpótí irin kan kọjá, a ó fẹ́ oorú oògùn sí i lára níbẹ̀.

Oògùn ni àwa ń pè é. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni tíìnì kílóráìdì: irin tíìnì, èyí tí wọ́n fi ń bo inú agolo, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ kílóríìnì títí tí ó fi di omi. Bí oorú rẹ̀ bá kan ìgò gbígbóná, kílóríìnì á fò lọ, tíìnì á dúró sí ara ìgò, yóò fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i. Awọ nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni ìgò ṣe ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn yìí kò fẹ́ rí omi sójú. Nínú àgbá rẹ̀, ó mọ́ kedere bí omi mímu. Bí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin bá kàn án báyìí, ẹ̀fin funfun á sọ, ẹ̀fin tó ń ta imú, tó ń jẹ ojú, tó ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun, tó ń jẹ páànù òrùlé pàápàá. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá: Ìkòròdú, tí ọ̀sà wà nísàlẹ̀, tí òjò wà lókè.

Ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ni Ọ̀gá Oyèwọlé, ọmọ Ṣakí, onígbàgbọ́ tí kì í mutí, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wo bàtà mi, ó wo ìborí mi, ó wá wo máníjà tó mú mi wá.

"Obìnrin," ni ó ní, bí ẹni pé wọ́n gbé ọjà tí kò rà wá fún un.

"Ó ka kẹ́mísírì, Ọ̀gá."

"Ṣé ó ti ka ooru?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti kà á, sà."

"O máa tún un kà."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà lẹ́yìn rẹ̀ láìfọwọ́ kan sípánà. Ó ní àṣà kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ó máa ń gé àpò sìmẹ́ǹtì sí ìwọ̀n ìwé, á fi ìṣó kan kọ́ ọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka wa. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá, gbọ́dọ̀ tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ pépà náà. Bí ojú pépà bá ṣókùnkùn níbi tí ọwọ́ kàn, ọwọ́ náà kò gbẹ. Padà sẹ́yìn. Kò sí àríyànjiyàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣe àṣìṣe mi. Mo lọ kí ìrun Àsárì. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́bàá ògiri ní ìta ẹ̀ka wa, ibẹ̀ ni àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe àlùwàlá. Mo kí ìrun tán, mo nu ọwọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, pépà kò ṣókùnkùn. Mo wọlé. Ọ̀gá ń tú ojú páìpù kan, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, omi tó kù nínú apá aṣọ mi, ẹ̀kán kan péré, já bọ́ sójú ibẹ̀. Ó ṣe ṣìì! Ẹ̀fin funfun yọ sí wa lójú.

"Ọwọ́ tútù!" Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì mí sẹ́yìn. "Jáde! Jáde níbí! Ọlọ́wọ́-tútù!"

Gbogbo bẹ́líìtì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi di Ọlọ́wọ́-tútù. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ títí dé Itamaga, mo kọjú sí fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Ẹ̀fin náà kò dùn mí tó bí mo ṣe rò pé ó ti hàn sí gbogbo ayé pé n kò mọ nǹkan kan, pé ìwé ẹ̀rí mi kò ju pépà lọ. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ pé n kò ní padà.

Mo padà. Mo mú aṣọ ìnura méjì dání, mo ran rọ́bà sí ọrùn apá aṣọ mi. Mo ṣe àlùwàlá bí ó ṣe yẹ, mo nu apá mi dé igúnpá, mo tún lọ dúró síbi ògiri iléru títí ooru fi mú gbogbo ara mi gbẹ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá pépà tuntun níbẹ̀, ó gùn ju ti àná lọ ní ìlọ́po méjì.

"Dé igúnpá," ni Ọ̀gá wí, kò wo ojú mi. "Gbogbo èèyàn. Láti òní lọ."

Kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi rí. Ṣùgbọ́n ó ti sọ àṣìṣe mi di òfin fún gbogbo èèyàn, tí ó fi jẹ́ pé ti èmi nìkan kò hàn mọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí ó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn.

Ó kọ́ mi láti máa gbọ́ ìgò. Á ní kí n dijú, á kó méjì lé mi lọ́wọ́. "Má wò ó. Gbọ́ ọ." Ó kọ́ mi pé bí oògùn bá pọ̀ jù, ara ìgò á máa yọ àwọ̀ oríṣiríṣi bí bẹntiróòlù tó dà sójú omi, pé bí oògùn bá gun ẹnu ìgò, ìdérí á dógùn-ún mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn ọdún kan ó fún mi ní ẹ̀rọ kan láti ṣètò fúnra mi. Ó mú ìgò méjì tó jáde níbẹ̀, ó fi wọ́n ra ara wọn létí rẹ̀, ó ní, "Kò pariwo," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tún yìn mí tí ó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún keje ni wọ́n gbé máníjà tuntun wá.

Mo ní láti sọ nípa ìlẹ̀kẹ̀ kí ọ̀rọ̀ máníjà yìí tó yé yín. Afẹ́fẹ́ ni a fi ń gbé oorú oògùn láti inú àgbá gba inú páìpù lọ sí àpótí. Afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oògùn, yóò gba inú ọ̀pá dígí kan tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà á sì máa mu ọ̀rinrin inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á jẹ́ búlúù. Bí wọ́n bá ti mu omi yó, wọ́n á di píǹkì, kò ní sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́ àfi kí a pààrọ̀ wọn. Ọmọdé pàápàá lè wò ó kí ó mọ̀.

Òjò oṣù kẹfà ọdún náà kò dáwọ́ dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá Oyèwọlé ti parí iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀, ó ti lọ sílé. Mo wo ọ̀pá dígí, píǹkì ni látòkè délẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tuntun ní ilé ìkóhun-sí. Mo gòkè lọ bá máníjà.

"Ọ̀gá, ó ti di píǹkì tán, sà."

Kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń lọ síbẹ̀..."

"Tírélà mẹ́ta ló wà ní géètì tó ń dúró de ìgò. Ẹ máa bá a lọ."

Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo lanu, ohun tó jáde ni, "Yẹ́ẹ̀sì, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí ibí yìí, torí gbogbo ohun tó kù, orí ọ̀rọ̀ méjì yìí ló dúró lé. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí. Mo kàn fẹ́ kí ó máa rò pé mo jẹ́ ẹni tí kì í yọni lẹ́nu.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, mo lọ kí Àsárì, mo ṣe gbogbo bí mo ṣe máa ń ṣe, mo padà wá. Múfútáù ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìrágbìjí ni, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka oògùn, àwa méjèèjì jọ ń gbé Itamaga, a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó di etí pépà mú fún mi kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

"Àlàájà, ó gbẹ," ni ó ní. N kò tíì dé Mẹ́kà, bí ó ṣe ń pè mí nìyẹn. "Ó gbẹ bí orí Ọ̀gá."

A ń rẹ́rìn-ín wọlé. Ó lọ dúró síbi ojú páìpù lẹ́bàá àpótí láti wo bí oorú ṣe ń jáde. Oorú kò jáde dáadáa. Kí n tó pè é padà, ojú páìpù náà bẹ́.

Funfun ni mo rí, funfun nìkan. Mo di imú, mo wá ibi tí wọ́n ti ń ti afẹ́fẹ́ pa, mo tì í, mo tẹ̀lé igbe Múfú títí ọwọ́ mi fi ba aṣọ rẹ̀. Mo fà á jáde lọ sí ibi ẹ̀rọ omi wa, omi àlùwàlá, mo tẹ orí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo fi ìka la ojú rẹ̀, mo jẹ́ kí omi máa dà sí i. Ó ń lu mí, n kò fi í sílẹ̀. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé omi yẹn ló gba ojú òsì là. Ti ọ̀tún lọ.

Ọjọ́ kẹta ni máníjà pè mí. Ìwé kan wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní èmi, Rìsíkátù, gbà pé mo wọ ẹ̀ka oògùn pẹ̀lú ọwọ́ tútù lẹ́yìn tí mo ṣe àlùwàlá, mo fọwọ́ kan ojú páìpù, ohun tó fa ìjàǹbá nìyẹn. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ fún ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ mi gbẹ, sà. Múfútáù ló di pépà mú."

"Ojú tó fọ́ ló fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n ń pè ẹ́ nísàlẹ̀ yẹn?"

Mo wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà.

"Mo ní kí ni wọ́n ń pè ẹ́?"

"Ọlọ́wọ́-tútù, sà."

"Ó tán nìyẹn. Fọwọ́ sí i, màá rí i pé wọn ò lé ẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fún ẹ."

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ omi: a kò gbọdọ̀ ṣe àlùwàlá níbí mọ́. Àwọn ará wa tí a jọ ń kí ìrun dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń wo ìwé náà, wọ́n ń wò mí. Ìtìjú bò mí bí ẹni pé èmi ló lẹ̀ ẹ́. Mo rò ó pé bí mo bá fọwọ́ sí i, wọn á máa sọ ọ́ títí láé pé ìrun Rìsí ló fọ́ ojú Múfú. Bí n kò bá sì fọwọ́ sí i, ta ni yóò san ilé mi? Ojú wo ni màá fi wo màmá mi? Mo fẹ́ kọ̀, mo sì fẹ́ fọwọ́ sí i kí ó lè tán. Àwọn méjèèjì ló wà nínú mi, n kò ní parọ́.

Ọ̀gá Oyèwọlé kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó lọ tú gbogbo páìpù náà, ó gbé e lé èjìká, ó mú ayùn irin, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì máníjà pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀lé e. Ó gbé páìpù lé orí tábìlì, lé orí ìwé náà gan-an, ó gé e lójú gbogbo wa. Inú rẹ̀ ti dí pa, ó funfun bí ẹfun, láti ẹnu àgbá lọ. Ibi tó dí yẹn jìnnà sí ibi tó bẹ́ ní ìwọ̀n apá méjì.

"Afẹ́fẹ́ tútù ló ṣe eléyìí," ni ó ní. "Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibí. Ìlẹ̀kẹ̀ yín ti di píǹkì."

"Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-tútù."

"Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ iye ọjọ́ tó ti kọjá látìgbà náà?"

Máníjà fi ìka ti páìpù kúrò lórí ìwé. "Jímọ̀," ni ó ní fún mi.

Ọjọ́bọ̀, mo lọ wo Múfú ní ọsibítù. Wọ́n ti di ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sọ fún un pé mo ní yẹ́ẹ̀sì sà. N kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

"Àlàájà, ìyẹn dùn mí," ni ó ní. "Ó yẹ kí ẹ pariwo mọ́ ọn." Ó fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀. "Àmọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, ẹlòmíì máa dúró síbi tí mo dúró sí lọ́la, ìlẹ̀kẹ̀ píǹkì yẹn náà ló máa bá níbẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti rí ohun tó fà á. Ẹ má fọwọ́ sí i o. Ojú kan ló kù fún mi, ẹ má jẹ́ kí n fi sunkún."

Jímọ̀, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì náà. Mo ti kọ ìwé tèmi sí ojú ewé kan, mo gbé e síwájú máníjà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ di píǹkì, pé mo sọ fún un, pé ó ní kí n máa bá a lọ, pé mo gbà. Mo ní, "Ẹ̀bi tèmi nìyí, sà. Èyí ni màá fọwọ́ sí. Mi ò ní fọwọ́ sí tiyín."

Ó ya á sí méjì láìkà á tán.

Wọn kò lé mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ká páálí, bóyá kí n lè lọ fúnra mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ká páálí. Lójoojúmọ́, nígbà tí Àsárì bá tó, mo máa ń rìn láti ibẹ̀ wá sí ibi ẹ̀rọ omi náà, mo máa ń ṣe àlùwàlá lábẹ́ ìwé wọn, lójú gbogbo èèyàn, n kò yára. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi nìkan ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a di mẹ́ta. Kí ọdún tó parí, a ti ń tò. Kò sẹ́ni tó já ìwé náà. Oòrùn àti òjò ló jẹ ẹ́ tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mi kúrò, Ọ̀gá Oyèwọlé ní tirẹ̀ gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka oògùn, ó jókòó. Ó ní kò sẹ́ni tó máa tẹ ọwọ́ mọ́ pépà òun títí ìlẹ̀kẹ̀ á fi di búlúù. Ìgò ń jáde láìní awọ, wọ́n ń ha, àwọn tó rà wọ́n ń dá wọn padà. Ọjọ́ kẹfà ni ìlẹ̀kẹ̀ tuntun dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ń mú afẹ́fẹ́ gbẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀.

Máníjà yẹn lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí Ọ̀gá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò ní fi ẹ̀ka náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ àfi Rìsíkátù. Bí wọ́n ṣe pè mí padà nìyẹn. Ó fún mi ní abẹ́ tó fi ń gé àpò sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Dé igúnpá," ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣakí.

Nǹkan yí padà lójú mi. Oògùn mìíràn dé, tíìnì náà ni, àmọ́ ẹ̀fin rẹ̀ kò le tó ti àtijọ́. Ẹ̀rọ kan dé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí awọ ṣe nípọn tó, tó ń kọ nọ́ńbà sójú kọ̀ǹpútà. N kò ní sọ pé ti àtijọ́ dára jù, torí ojú Múfú wà nínú ti àtijọ́. Òun náà wà ní Agbowa báyìí, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́, ó ṣì ń pè mí ní Àlàájà, mo sì ti dé Mẹ́kà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò yọ pépà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó dé láti yunifásítì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mọ́mì, sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀ o."

"Sẹ́ńsọ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí. Kò mọ bí apá aṣọ rẹ ṣe rí. Tẹ ọwọ́ mọ́ ọn."

Mo tún kọ́ wọn ní nǹkan kejì. Bí wọ́n bá wá sọ fún mi pé nǹkan kan kò dára, tí mo ní kí wọ́n máa bá a lọ, wọn kò gbọdọ̀ ní yẹ́ẹ̀sì mà. Wọ́n gbọ́dọ̀ bi mí pé kí ló dé. Ó máa ń ni wọ́n lára. Ó ni èmi náà lára títí di ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí. Ẹ tètè kọ́ ìyẹn mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí mo máa kúrò gan-an, ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ gbé fáìlì mi jáde. Ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń ṣí ìwé lọ, ó dúró.

"Mọ́mì, nǹkan kan kù o. Ẹ ò fọwọ́ sí èyí."

Mo mọ̀ ọ́n kí ó tó yí i sí mi. Pépà ti pọ́n. Ìlà náà ṣì wà nísàlẹ̀, ó ṣófo.

"N kò ní fọwọ́ sí i."

"Mọ́mì, ó ti pẹ́ gan-an, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn fọwọ́ sí i kí fáìlì lè pé. Tí kò bá pé, mi ò lè jẹ́ kí ẹ lọ."

Àyà mi já bí ó ṣe máa ń já. Mo rò ó pé agbára wo ni mo tún ní, pé kí n kàn kọ orúkọ, kí n lọ sílé lọ sinmi. Wọ́n sì pe ìrun Àsárì.

Mo ní kí ó dúró dè mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ omi wa, mo ṣe àlùwàlá mi láìyára. N kò mú aṣọ ìnura dání. Mo gòkè padà, omi ń kán sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi. Mo dúró níwájú tábìlì náà, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì mọ́ ìwé yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí omi fi wọ inú rẹ̀, tí ìwé náà fi ṣókùnkùn.

"Ha! Mọ́mì! Ìwé ti bàjẹ́!"

"Ọwọ́ tútù nìyẹn," ni mo ní. "Wò ó dáadáa. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ilé-iṣẹ́ yìí, ibí nìkan ni ọwọ́ tútù mi tún kàn. Fi sínú fáìlì."

Ó wo ìwé, ó wo ọwọ́ mi.

"Kí ni màá wá kọ, Mọ́mì?"

"Kọ ọ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ di píǹkì. Kọ ọ́ pé mo sọ fún máníjà, ó ní kí n máa bá a lọ, mo sì ní yẹ́ẹ̀sì, sà. Kọ ọ́ pé ojú ọ̀tún Múfútáù lọ. Ìyẹn ni màá fọwọ́ sí."

Ó fa pépà funfun kan yọ, ó ṣí bírò rẹ̀, ó ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ wo, Mọ́mì?"

Mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ń kọ ọ́. Nígbà tí ó parí, ó na bírò sí mi. Mo ní kí ó fún mi ní nǹkan tí mo lè fi nu ọwọ́. Ó bọ́ ṣúọ́ọ̀lù ọrùn rẹ̀ fún mi. Mo nu ọwọ́ mi dé igúnpá, mo dúró kí ó gbẹ dáadáa, kí n tó gba bírò náà.